Báàgì Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Láti ọjọ́ tí màámi ti ti abúlé wa ní Ọ̀ṣun dé sọ́dọ̀ mi ní Ojú Ọrẹ, l'Ọ́tà, báàgì wọn kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ká a padà síbẹ̀. Bí mo bá ní kí n bá wọn kó o sí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á ní, "Ilé làbọ̀ simi oko. Àlejò ni mí níbí." Bẹ́ẹ̀, òrùlé ilé tí wọ́n ń sọ ti ń jò, wọ́n sì ti ṣubú lẹ́yìn ilé náà rí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe wọn. Ìbẹ̀rù pé wọ́n á sá padà lọ́jọ́ kan kò jẹ́ kí n jókòó re níbi iṣẹ́.

Ẹní híhun ni wọ́n fi tọ́ mi. Nígbà tí wọn kò rí eéran hun ní Ọ̀tà, etí aṣọ ìbora mi ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń di, tí wọ́n tún ń tú. Bí mo bá wò wọ́n títí, inú á máa bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bá bínú.

Ní ilé-iṣẹ́ wa ní Ilo-Awela, okùn ọ̀rá tí a fi ń di páálí pọ̀ nílẹ̀ lọ jàra. Èyí tí a bá sun, èéfín rẹ̀ á máa ta wá lọ́fun. Èyí tó bá wọ gọ́tà, òjò kan ṣoṣo, omi ti wọ yàrá onílé. Mo di ẹrù kan lọ fún màámi.

"Kí lèyí?"

"Ẹ fi hun ẹní, mà."

Wọ́n pòṣé. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi, bí wọ́n ṣe máa ń rẹ eéran kó lè rọ̀.

"Màámi, ọ̀rá ni o! Omi kò lè wọ̀ ọ́."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ẹní híhun?"

Ilẹ̀ mọ́, okùn le bó ṣe le. Wọ́n sá a sóòrùn kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, oòrùn ló wá mú un rọ̀. Wọn kò gbà fún mi. Títí dòní, wọ́n á kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kí wọ́n tó hun ún.

Bí mo ṣe ń di okùn délé lójoojúmọ́ nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n hun tiwọn, tí wọn yóò máa kírun lórí rẹ̀. Síbẹ̀ báàgì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ lojú mi sì ń kọ́kọ́ lọ kí n tó kí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo tètè dé. Kò sí màámi, kò sí báàgì. N kò tilẹ̀ wo ibòmíràn. Mo fò sórí ọ̀kadà, ó di gáréèjì Sàńgò, mò ń yọjú wo inú ọkọ̀ Òṣogbo lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rí ìyá kankan tó gbé báàgì dúdú.

Mo ní kí n padà síbi iṣẹ́, bóyá wọ́n wá dágbére fún mi níbẹ̀, wọ́n ṣáà mọ ibẹ̀. Lẹ́yìn ọgbà wa, níbi ààtàn, màámi ló bẹ̀rẹ̀ yẹn, báàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Màámi! Ibo lẹ ń lọ?"

Wọ́n wò mí bí ẹni wo wèrè. Wọ́n ṣí báàgì. Okùn pupa kún un dẹ́nu.

"Pupa ni mò ń wá. Funfun ṣáá lò ń kó wá bí ẹni tí kò lójú."

"Aṣọ yín dà?"

"Ó wà lórí ibùsùn rẹ. Wá àyè fún un."