Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi àti Fisíìsì Tó Fẹ́ Pa Mí

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú fisíìsì ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Àdéhùn ilé wa ni pé bó bá tún di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, màá lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Aṣọ rírán kì í ṣe iṣẹ́ burúkú o, àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọkàn mi fẹ́, olórí kunkun sì ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Jakande, mò ń sunkún lórí ìwé. Ìbéèrè náà lọ báyìí: ọkọ̀ méjì ń bọ̀ wá pàdé ara wọn, wọ́n kọlu ara wọn, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Báwo ni wọ́n ṣe máa yára tó lẹ́yìn náà? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni tíṣà tó ń kọ́ wa ní Ajah ti fi bírò pupa fagi lé ìdáhùn mi.

Àwọn òbí mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí ìlànà ìjọ wa. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni bàbá mi ń wà láti Jakande sí Ikate. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà mọ.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Fisíìsì ni, Bàbá. Mòméńtọ̀mù. Kò lè yé yín."

Ẹnu tí mo fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Wọn ò bínú. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wọn tó ṣófo sọ́dọ̀ mi jẹ́jẹ́, wọ́n ní kí n fọwọ́ dá a dúró. Mo dá a dúró. Ìyá mi wá jókòó sínú rẹ̀ tòun ti sùtánà, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Bàbá tún tì í bákan náà, ló bá tì mí sẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta.

"Ṣó o rí i? Eré kan náà ni. Ẹrù ló yàtọ̀."

"Ìyẹn yé mi, Bàbá, ẹrù àti eré ló ń di mòméńtọ̀mù. Ìṣirò ni kò jáde."

Wọ́n ní kí n ka ìbéèrè náà fún wọn ní Yorùbá. Mo kà á, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe ro ti ọkọ̀ méjèèjì pọ̀.

"Ibo ni ọkọ̀ kìíní ń lọ?"

"Apá ọ̀tún."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Apá òsì."

"O wá kọ wọ́n bíi pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ. Èmi kì í gbé èrò láìbi í pé, 'Ibo lẹ ń lọ?' Ẹni tó ń lọ Ikate àtẹni tó ń ti Ikate bọ̀, ṣé mo lè kà wọ́n pọ̀ ni?"

Mo fi àmì ìyọkúrò síwájú ìyára ọkọ̀ kejì. Ìdáhùn jáde. Mo ṣe mẹ́ta mìíràn, gbogbo wọn jáde. Bàbá mi ṣì dúró tì mí láìwọ bàtà, oúnjẹ wọn ti tutù.

Nínú yàrá ìdánwò, gbogbo ohun tó ń rìn lórí kọ̀ǹpútà ni mo rọra ń bi pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ibo lẹ ń lọ?" Ẹni tó jókòó tì mí wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

Lọ́jọ́ tí yunifásítì gbà mí, mo sáré lọ sí ibùdó kẹ̀kẹ́. Bàbá mi wà lórí ìjókòó awakọ̀, wọn ò wẹ̀yìn. Mo wọlé, mo jókòó.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Yunifásítì ni, Bàbá mi. Wọ́n ti gbà mí."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n sì kúnlẹ̀ ṣọpẹ́ lórí títì lójú gbogbo èrò.