Àga Tí Ọkọ̀ Kò Tíì Gbé

Wọ́n ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ẹni tó pa òwe yẹn kò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa rí. Igba àga ló wà níbẹ̀, onítìmùtìmù àti èyí tí kò ní, àwa tí à ń tà wọ́n sì ń dúró láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago méje alẹ́. Máníjà ní bí oníbàárà bá bá wa lórí ìjókòó, ọ̀lẹ ló máa pè wá. Orí àga aláwọ rẹ̀ tó ń yí bírí ló ti sọ ọ́.

Ní ìpàdé ọdún, ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti dúró níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, ó ní, "Òpó ilé iṣẹ́ yìí nìyí!" A pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Àǹtí Òpó. Òpó kì í kúkú jókòó.

Ọmọge tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ló mú ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ó lóyún oṣù méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú débi pé bàtà ọkọ rẹ̀ ló ń wọ̀ wá síṣẹ́. Oyún kan ti bàjẹ́ lára Àǹtí Òpó fúnra rẹ̀ lórí ìdúró yẹn, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi nítorí aboyún yìí. Ó lọ bá Máníjà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó máa jókòó díẹ̀."

"Títà la kó àga wọ̀nyẹn wá fún."

"Ó dáa, sà. Ẹ ta ọ̀kan fún mi."

Ó ra èyí tó kéré jù. Èmi akọ̀wé ọjà ni mo kọ rìsíìtì. Gbogbo oníbàárà ló mọ̀ pé oṣù mẹ́ta ni ọkọ̀ wa tó ń bàjẹ́ ṣáá ń lò kó tó gbé ọjà délé wọn. Títí dìgbà náà, ọjà á máa dúró dè é nínú ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Òpó gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí aboyún jókòó.

Máníjà figbe ta. "Ta ló ní kó jókòó?"

"Ẹni tó ni àga ni, sà. Ọkọ̀ ni mò ń retí."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwa mẹ́sàn-án, pẹ̀lú Àǹtí Òpó, ti ra tiwa. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọkùnrin, èmi ni mo ṣe ìkẹsàn-án. Mo kọ́kọ́ ń wò ó bóyá wọ́n á lé àwọn tó kù kúrò níṣẹ́.

Máníjà ronú títí. Ọkọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe láti ọjọ́ yìí wá, ó tún un ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó kó àga mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ sílé wa. Ọmọge padà sórí ìdúró. Inú àwọn oníbàárà dùn, torí ọjà tiwọn náà ń tètè dé, ni àwọn ọ̀gá àgbà bá fún Máníjà ní àmì ẹ̀yẹ: "Òṣìṣẹ́ Tó Mú Àyípadà Rere Wá." Orí ìjókòó ló wà tó fi gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Òpó ru àga rẹ̀ wọlé. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀kan lára ẹsẹ̀ àga náà.

"Oníbàárà ni mí, sà. Ọjà yín lábùkù. Àtúnṣe ni mo bá wá."

Máníjà kọjú sí mi. Káfíńtà kan ṣoṣo la ní, ó sì lọ́ra ju ọkọ̀ lọ. Bàtà ọkọ tó wà lẹ́sẹ̀ aboyún ni mò ń wò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Kó dúró de káfíńtà nínú ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́ta."

Kí n tó fọwọ́ sí i, aboyún ti jókòó.