Bàdírátù Tó Ń Tú Ẹrù Wò

Bàdírátù kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi tí èmi fúnra mi ń wà, yóò ní kí n dorí àpò mi kodò, kí n gbọn bàtà, kí n bọ́ fìlà. Inú máa ń bí mi gan-an. Kí ni èkúté fẹ́ wá ṣe lábẹ́ fìlà àgbàlagbà?

Èlùbọ́ ló ń tà ní ọjà Bódìjà tẹ́lẹ̀. Èkúté ló jẹ ọjà rẹ̀ run. Nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú ẹyẹ ní adágún omi kan lẹ́yìn Àgbọ̀wọ́ ń wá ẹni tí yóò máa yẹ ẹrù wò létí omi, ta ni wọn ì bá tún gbà?

Erékùṣù kékeré kan wà láàárín adágún náà. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ló ni ín, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń yé sí. Èkúté bá ẹrù èèyàn débẹ̀, ó sì ń jẹ ẹyin wọn tán lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì la fi dẹ pańpẹ́ kí a tó rí ẹ̀yìn wọn. Lọ́dún yìí, pẹ́pẹ́yẹ kan yé ẹyin mẹ́sàn-án, Bàdírátù sì ń yọ̀ bí ìyá ìkókó.

Ọṣẹ ló fi ń ṣọ́ erékùṣù náà. Á gé e wẹ́wẹ́, á so ó mọ́ èèkàn káàkiri, torí èkúté kì í rí ọṣẹ kó má gé e jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a bá àpá eyín lára ọṣẹ. Ẹyin ti ku mẹ́rin.

Èmi ni Bàdírátù kọ́kọ́ yíjú sí.

"Bàbá Ikrimah, àpò búrẹ́dì yín ìjẹta ńkọ́?"

"Ṣebí ìwọ lo tú u! O tún bù nínú ẹ̀ jẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹni tó sọdá lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ka akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ó ka Mánsúrù ọ̀gá wa, kò sì sí èyí tí kò fura sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

"Alhaji ńkọ́?" ni mo bi í.

Alhaji Mùstàfá ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ adágún náà. Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan wá láti fi ṣe sàráà fún àwọn ẹyẹ.

Bàdírátù fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ gba apẹ̀rẹ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ wọn. Orí ara rẹ̀ ló fi rù ú dé ìdí àwọn pẹ́pẹ́yẹ, kò sì tú u wò.

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni yóò ní kí Alhaji tú ẹrù wọn?" Ó bú sẹ́kún. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Èmi náà wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ nígbà yẹn.

Pańpẹ́ mú èkúté náà lọ́jọ́ kẹta. Ẹyin méjì péré ló kù.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Alhaji tún gbé apẹ̀rẹ̀ dé. Bàdírátù fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tú u wò."

"Tèmi?"

"Tiyín náà, sà."

Ó da àgbàdo náà sílẹ̀. Àgbàdo nìkan ló wà níbẹ̀. Alhaji fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ.

Ẹyin méjèèjì di ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mọ́tò Alhaji bá ń kọjá, Bàdírátù á kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò sì ní dáhùn. Á wà lórí ìkúnlẹ̀ títí mọ́tò á fi lọ. Lẹ́yìn náà, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò léékún, á wojú mi.

"Bàbá Ikrimah, fìlà yín."

Mo ti máa ń bọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.