Ìwúkàrà Inú Agolo

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo da ìwúkàrà nù. Ó ti pẹ́ gan-an. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti ń dín kù, ṣùgbọ́n bí mo bá gba Ọ̀rẹ̀ kọjá tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná bá fẹ́ sí mi nímú, inú mi á dùn, ojú á sì tún tì mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ayé owó epo ni. Títì márosẹ̀ Èkó sí Bìní kì í sinmi nígbà náà. Ọkọ̀ tó ń lọ, ọkọ̀ tó ń bọ̀, Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró jẹun, èrò tó bá sì mọ ohun tó ń ṣe kò ní kúrò níbẹ̀ láìra búrẹ́dì fún ará ilé. Ilé búrẹ́dì tí mo ti ń po ìyẹ̀fun kò jìnnà sí oríta. Tíṣà ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá wa, nítorí ìjọba ló gbé e wá láti òkè kó wá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Odígbó, kó tó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tó lọ mọ ààrò. Alàgbà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kì í mutí, kì í sì í jẹ́ kí ọtí kan ìloro ilé rẹ̀. Láràárọ̀, kí a tó dáná sí ààrò, a ó yí tábìlì ká, òun á sì gbàdúrà kúkúrú kan: "Olúwa, má jẹ́ kí á ta ohun tí àwa fúnra wa kò lè jẹ." Àwa á ṣe àmín, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí Tíṣà kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo alábúrẹ́dì ló ń pe ohun tó ń mú búrẹ́dì wú ní yíìsì. Tíṣà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Yorùbá ti ní orúkọ fún un nínú Bíbélì, kí ló dé tí a ó fi máa yá ti ẹlòmíì lò? Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára agolo ńlá tó ń kó o sí: ÌWÚKÀRÀ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àtúnbí ni. Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún, Àgọ́ Aláyè ni mo ti wá, ẹnu mi mú bí abẹ, kò sì sí ohun tí mi ò fi tagbáratagbára ṣe. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Àjíǹde, pásítọ̀ wa wàásù títí òógùn fi bò ó. Ó ní ìwúkàrà ni ẹ̀ṣẹ̀, bíńtín nínú rẹ̀ ń ba odidi jẹ́. Ó na ìka sí wa: "Bí ìwúkàrà bá wà níbikíbi tí ọwọ́ yín tó, ẹ dà á nù kí Àjíǹde tó dé!" Mo pariwo àmín ju gbogbo èèyàn lọ. Orí mi wú. Ta ló tún mọ ibi tí ìwúkàrà wà bí èmi?

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo gbé agolo náà lọ sẹ́yìnkùlé, mo dà á sílẹ̀, mo bu omi lé e. Mo fọ agolo mọ́ tónítóní, mo ń kọrin. Nígbà tí Tíṣà dé tó ń wá a, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi dá a lóhùn: "Mo ti dà á nù, sà. Ilé wa ti mọ́ báyìí."

Yéè! Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀. Ó jókòó gbì sórí àpò ìyẹ̀fun. "Ọmọ mi, ìwúkàrà inú ọkàn ni wọ́n ń wí. Kì í ṣe ti inú agolo."

Bó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, à bá ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun há sí èbúté Èkó lọ́dún yẹn, ẹrù òkè òkun wá wọ́n bí ojú. Tíṣà wá a dé Oǹdó, ó wá a dé Òkìtìpupa, ó ránṣẹ́ sí Bìní. Òfo. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde sì rèé, ọ̀sẹ̀ tí èrò ń pọ̀ jù lójú títì. Bí búrẹ́dì wa kò bá jáde, àwọn alábúrẹ́dì ìlú mìíràn yóò gba ibi tí àwọn obìnrin wa ń dúró tà, kò sì sí ẹni tó ń gba irú ibẹ̀ tó máa ń fi í sílẹ̀ mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ilé iṣẹ́ náà lè kú síbẹ̀, kí oníkálukú padà sóko.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ jẹ mí lẹ́ran. "Kó máa lọ! Àtúnbí rẹ̀ ti sọ wá di aláìníṣẹ́!" Mo ń sunkún, mo sì ń fèsì, ẹnu mi kì í gbélẹ̀.

Tíṣà gbọ́wọ́ sókè. "Èmi ni mo kọ ọ́ sára agolo. Bí ẹ bá fẹ́ lé ẹni tó ṣàṣìṣe, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. A ò ní lé ẹnikẹ́ni." Ó yíjú sí àwọn obìnrin tó ń tà. "A ò sì ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Baba àgbẹ̀ kan, àlejò tó ń dá oko kòkó lápá Odígbó, ló máa ń kó igi ìdáná wá fún wa. Òun ló ń fẹ̀rín sọ ọ́: "Tíṣà, ẹmu ńkọ́? Ẹmu tó bá ti kan díẹ̀ ni ìyá mi fi ń mú búrẹ́dì wú kí agolo òyìnbó tó dé." Gbogbo wa yíjú wo Tíṣà. Ẹmu kẹ̀! Nílé alàgbà!

Ó wọ yàrá tí a ń kó ìyẹ̀fun sí, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àpò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ti funfun. "Ẹ lọ gbé e wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì wa ni ẹ ó sọ fún pé ẹmu ló mú un wú. Mùsùlùmí ń rà á, ẹni tó kórìíra ọtí bíi tèmi ń rà á. Ohun tí mi ò fẹ́ kí wọ́n fún mi jẹ láìmọ̀, mi ò ní fún ọmọ ẹlòmíì jẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà ní, "Ṣé ẹ fẹ́ lé oníbàárà ni, sà?"

Ó ní, "Ẹni tó bá máa lọ, kó máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. "Búrẹ́dì rèé o, ẹmu ló mú un wú o!" Àwọn kan ti wíńdò ọkọ̀ wọn, àwọn kan bú wa. Àwọn awakọ̀ tó ń kó gẹdú rẹ́rìn-ín títí, wọ́n rà á ní méjì-méjì. Ó ń fà bí ìgbín kó tó wú, láti àárọ̀ di ọ̀sán la fi ń dúró tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jáde nínú ààrò, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á rọ̀, á ní adùn kan tó fẹ́ kan tí kò kan. Mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ilé iṣẹ́ wa kò kú.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti rí kèrègbè ẹmu lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sì ti lọ sọ fún ìjọ pé alàgbà ń mutí. Láàárọ̀ Àjíǹde, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí Tíṣà kúrò lórí àga àwọn alàgbà, kó lọ jókòó sẹ́yìn títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ohun tí ẹmu ń wá nílé rẹ̀. Ó kàn ní, "Ìwúkàrà ló tán." Kò dárúkọ mi. Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ṣí ìwé orin. Ó dùn mí dé egungun.

Pásítọ̀ dúró nídìí tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó gbé búrẹ́dì sókè. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ẹ dákun, sà. Èmi ni mo da ìwúkàrà ọ̀gá mi nù."

"Kí ló dé tí o fi dà á nù?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká dà á nù, sà."

Gbogbo ìjọ yíjú wò mí. Ẹnu mi kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. "Búrẹ́dì ọwọ́ yín yẹn náà, sà, ẹmu ló mú un wú. Ìyàwó yín ló rà á lọ́wọ́ wa lánàá. A sọ fún wọn. Wọ́n ní iná ti pa ẹmu inú rẹ̀."

Ìyàwó pásítọ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíì gbà á, ó di gbogbo ìjọ. Pásítọ̀ wo búrẹ́dì náà títí. Mo ti gbà pé mo ti bà á jẹ́ tán. Ìgbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi gan-an ló yẹ kí ẹ bi léèrè ìwúkàrà," ló wí. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sáyè yín."

Tíṣà dìde, ó wò mí. "Ìwúkàrà, ó yá, jẹ́ ká lọ." Ó fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú.

Bó ṣe di orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Níwájú oníbàárà, Ìwúkàrà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, Ìwúkàrà. Mo máa ń bínú, mo máa ń fèsì, òun á ní, "Ṣé ìwọ bíńtín yìí kọ́ lo mú odidi ìjọ wú?"

Tíṣà ti lọ. Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo dúró láàárín èrò, mo ń retí kí ẹnìkan ṣáà pè mí ní Ìwúkàrà. Mo ti ní èsì mi lẹ́nu. Kò sí ẹni tó pè mí.