Alájì Tó Lọ sí Tùnísíà Láti Inú Yàrá

Ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo Ìtòkú gbà pé Alájì Sàlàhúdíìnì wà létí òkun ní Tùnísíà, oníbàárà kan tó ń jẹ́ Christianah wá láti Papalanto, ó fẹ́ ra àdìrẹ. Iwájú ilé Alájì ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ ló ń tajà lọ́jọ́ náà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n san ìdajì,” ni Christianah wí.

“Ó dáa, mú un, ọmọ mi.”

Ohùn kan bá ti ẹ̀yìn kọ́tìnì jáde. “Bùsírátù, má tà á bẹ́ẹ̀. Aró gidi nìyẹn.”

Christianah wo kọ́tìnì, ó wo Bùsírátù. “Ṣé Alájì kọ́ nìyẹn? Wọ́n ní wọ́n ti rìnrìn-àjò.”

Nígbà tó yá, ohùn náà tún dé, ó ti rọ̀ díẹ̀. “Mo wà ní Tùnísíà, ọmọ mi. Fóònù ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n san owó rẹ̀ pé.”

Ó sì san án pé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìbarà.

Ìdágbére ló kó bá Alájì. Lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà kì í yọ́ rìnrìn-àjò; ilé dé ilé ló gbọ́dọ̀ ti dágbére. Ọlọ́gbọ́n a máa dúró kí físà kọ́kọ́ jáde. Alájì ò dúró. Ó gbé agbádá wọ̀, ó mú Bùsírátù dání, wọ́n dágbére títí ẹsẹ̀ fi wú wọn. Lèmọ́mù ṣàdúrà gígùn fún wọn. Bí wọ́n ṣe padà délé ni wọ́n gbọ́ pé físà kò jáde. Ojú tì í gan-an.

“Àdúrà tí wọ́n ti ṣe, báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a padà?” ló bi ìyàwó rẹ̀. Ó bá wọ yàrá lọ, ó ní kí Bùsírátù máa sọ fún àlejò pé Alájì ti ṣáájú, pé yóò ránṣẹ́ pe òun.

Kì í ṣe fàájì ara rẹ̀ ló ń lé, kí Ọlọ́hun ṣàánú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Bùsírátù, kò rí i kó jókòó láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n jọ lọ sí Mẹ́kà, obìnrin náà ló ń se oúnjẹ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ lọ. Ẹ̀rù ń ba Alájì pé ìyàwó òun lè kú láì mọ bí ìsinmi ṣe rí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin wọn, Lubabah, fi àwòrán ìlú funfun kan hàn án lórí fóònù, létí òkun Tùnísíà. Àwọ̀ aró ni wọ́n fi kun gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀.

“Ará wa ni wọ́n,” ni Alájì wí. “Ìlú yìí ti wà kí àwọn baba wa tó forí pamọ́ sábẹ́ Olúmọ. Àgbà ni. Ó yẹ ká lọ kí i.”

Òun fúnra rẹ̀ ló pe òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun gbọ́ Lárúbáwá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti ilé-kéwú ni. Ó fẹ́ béèrè bóyá fèrèsé yàrá wọn kọjú sí òkun, kò mọ ohun tí wọ́n ń pe fèrèsé. Ó bá ṣàdúrà fún ọkùnrin tó gbé fóònù, ó ṣàdúrà fún òbí rẹ̀, ó ṣàdúrà fún òkun. Ọkùnrin náà ṣe àmín, ó sì pa fóònù.

“Wọ́n ti gbà,” ni Alájì sọ fún Lubabah.

Lẹ́yìn ìtìjú ẹ̀yìn kọ́tìnì yẹn, a rò pé yóò jáwọ́. Kò jáwọ́. Ó ní, “Rárá tí wọ́n wí yẹn, iye tí wọ́n kọ́kọ́ pe ọjà ni. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.” Ó tún fi ìwé físà sílẹ̀. Kí èsì tó dé, ó ra àga méjì, ó gbé wọn sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí Bùsírátù wá máa kọ́ ìsinmi. Bùsírátù gbé ẹ̀wà wá láti ṣà.

“Gbé e sílẹ̀.”

“Kí ni kí n wá máa ṣe, Alájì?”

“Má ṣe nǹkan kan.”

“Títí dìgbà wo?”

Kò pẹ́ tó fi dìde lọ gbálẹ̀ abẹ́ àga. Ṣùgbọ́n kò sú Alájì. Lọ́jọ́ tí oorun gbé ìyàwó rẹ̀ lọ lórí àga yẹn, ó rọra pe aládùúgbò jọ kí wọ́n wá wò ó.

Àìsàn ránpẹ́ ló mú Alájì lọ lẹ́yìn Iléyá, èsì ìwé náà ò tíì dé. A sunkún rẹ̀ gan-an. Nígbà tí Bùsírátù ṣe opó tán, Lubabah fi ìwé sílẹ̀ fún òun àti ìyá rẹ̀, físà sì jáde. Bùsírátù kọ̀ jálẹ̀.

“Ẹni tó fẹ́ mú mi lọ ò sí mọ́,” ló wí, ó sì ń ká aṣọ lọ.

“Màámi, kì í ṣe òkun ni Bàámi fẹ́ rí. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ rí létí òkun.”

Bùsírátù fi aṣọ sílẹ̀. Ó sunkún, ó sì lọ di ẹrù.

Lánàá ni Lubabah pè wá láti Tùnísíà. Ara wọn le. Ó ní ìyá òun wà níta láti àárọ̀, ó ń wo omi. Ó ní ọ̀la ló yẹ kí wọ́n máa bọ̀ nílé, ṣùgbọ́n Màámi ti ní kí òun bẹ àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ kún un.