Alága Tó Gba Àáró, Tí Ọkọ́ Rẹ̀ Sọnù

Wọ́n yọ mí nípò olùdarí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa nítorí pé àwọn ọmọ tí mò ń darí ní kí alàgbà kan máa bọ̀ lóko. Bẹ́ẹ̀ ni o! Wọn kò pè é lólè. Wọn kò ju òkúta lu òrùlé rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé ọkọ́, kó wá kọ ebè. Ẹ̀ṣẹ̀ wa nìyẹn.

Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó bó ṣe rí, torí ẹnu ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti Moretan títí dé Atakpamé, ní Tógò wa níbí.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe ní Atakpamé, ṣùgbọ́n apá Moretan ni abúlé wa wà. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mò ń gun ọ̀kadà lọ sílé torí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọ gbé fún mi (ìdí mi mọ gbogbo kòtò ọ̀nà náà lórúkọ). Ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí kálukú ń sáré kọ ebè iṣu kí ilẹ̀ tó le.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, ta ni mo bá nípàdé ọ̀dọ́? Àwọn bẹ́ǹṣì, àti ewúrẹ́ kan tó ń sá fún oòrùn! Àwọn àgbà ní ayé ti gba àwọn ọmọ náà lọ́kàn. Ayé wo? Mo wá wọn lọ. Oko ni mo ti bá wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àáró.

Ẹ mọ òfin àáró. Lónìí, oko tèmi. Lọ́la, oko tìrẹ. Ẹni tí wọ́n bá ti bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ́ tẹ̀lé wọn lọ sóko ẹni tó kàn. Kò sí ọmọ ọba níbẹ̀. Èmi náà bá gbé ìpàdé lọ síbẹ̀. A ó kọ ebè, a ó jókòó sábẹ́ igi, a ó ka Bíbélì, a ó gbàdúrà. Ọwọ́ mi bó. Yawa, ọmọbìnrin tó ń darí orin wa, wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé bírò ni ẹ fi ń kọ ebè tẹ́lẹ̀ ni?”

Wọ́n ń pọ̀ sí i. Kòkú, tí bàbá rẹ̀ ń bọ òrìṣà ilé wọn, náà dé. Ó ní bàbá òun sọ pé: “Èmi ò mọ Jésù wọn o, ṣùgbọ́n mo mọ ebè tó dára. Máa lọ.” Ṣé ẹ rí i? Ìdùnnú tí mo rí lábẹ́ igi yẹn, n kò rí i rí nínú ilé ìròyìn kankan.

Alága ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ wa sì gbọ́. Ọkùnrin yìí ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ń pè wá ní “ìjọ elérùpẹ̀.” Àfi bí oko rẹ̀ ṣe kún! Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá sóko òun.

Yawa nawọ́. Ó ní, “Bàbá, ṣé ọ̀wẹ̀ ni ẹ bẹ̀ wá, àbí àáró?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ yóò gún iyán, yóò sì wá ẹran sí i. Ẹni tó bá gba àáró kò ní fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ, ọkọ́ ni yóò fi san án. Alága wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ro iyán, ó ro ẹran.

“Àáró ni!” ló wí, lójú gbogbo ìjọ.

A ṣe oko rẹ̀ parí. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fún wa, àti àdúrà tó gùn ju ebè lọ.

Oko ìyá Yawa ló kàn. Opó ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, bí ilẹ̀ bá sì le mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ni yóò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Alága kò wá. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ìgbà kejì, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ ààwẹ̀ yẹn kan náà, Kòkú rí i lọ́jà Moretan, ó ń jẹ ẹran yíyan!

Ní abúlé wa, bí ẹnìkan bá jẹ àáró tí kò san án, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ síwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀, wọn á máa fi òkúta lu ọkọ́, wọn á máa pè é jáde. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn, mo sì wà níbẹ̀.

“Bàbá Alága, ilẹ̀ ń le o! Ọkọ́ yín dà?”

Ìyàwó rẹ̀ ló jáde. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ́ rèé. Bàbá yín ni mo ṣì ń wá.”

Gbogbo àdúgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín!

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ fi jókòó. Wọ́n ti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pa, wọ́n sì yọ mí. Mo béèrè ẹ̀ṣẹ̀ mi. Alàgbà kan dá mi lóhùn: “O kọ́ àwọn ọmọ láti bi àgbà léèrè.” Wọn kò tilẹ̀ dárúkọ àáró!

Àwọn ọmọ kọ ebè ìyá Yawa parí kí ilẹ̀ tó le, láìsí alága, láìsí ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n Kòkú kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo lọ bá a nílé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àwọn tó ń bọ òrìṣà nílé wa ń san àáró.”

Ohun tí mo rí kọ́ kò le: ọ̀dọ́ kì í sá fún Ọlọ́run, ẹni tó ń fi orúkọ Ọlọ́run sá fún iṣẹ́ ni wọ́n ń sá fún. Ìjọ tiyín ńkọ́? Ta ló jẹ àwọn ọ̀dọ́ yín ní àáró? Ẹ sọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, ẹ má bẹ̀rù àgbà!

Mo lọ bá pásítọ̀ tó ń bójú tó àwọn ìjọ agbègbè wa ní Atakpamé, kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ náà yóò ṣì wà ní títì. Ó ní àpérò ńlá kan ń bọ̀ lórí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fi ìjọ sílẹ̀, alága wa ni yóò sì darí rẹ̀. Mo bi í bóyá wọn yóò pe àwọn ọ̀dọ́ síbẹ̀.

Ó ní rárá, àwọn àgbà nìkan ti kún gbọ̀ngàn.