Ọṣẹ Ìfọyín Tí Mo Fi Pa DVD Dádì

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fún mi láyè kí n rojọ́ ara mi fún yín lónìí. Inú ń bí mi, èmi fúnra mi ni mo sì ń bínú sí!

Àbúrò mi obìnrin, Bùkọ́lá, ṣe ìdána ní Ìfọ̀ lóṣù tó kọjá. Dádì wa ti kú. Ohun kan ṣoṣo ni Bùkọ́lá bẹ̀ mí fún. Ó ní kí n bá òun wá DVD ìdána tèmi, ibi tí mo ti kúnlẹ̀ tí Dádì gbé ọwọ́ lé mi lórí, tí wọ́n ń ṣàdúrà. Ó ní òun náà fẹ́ kúnlẹ̀ síwájú fídíò yẹn, kí òun lè gba àdúrà bàbá kí òun tó lọ sílé ọkọ. Ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù?

Kò sí fídíò mìíràn tí Dádì ti ń sọ̀rọ̀. Mo rí DVD náà nísàlẹ̀ àpótí nílé mi ní Mowe, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ta ló tún ní ẹ̀rọ DVD láyé ìsinsìnyí? Mo yá laptop àtijọ́ kan níbi iṣẹ́, mo wa app ọ̀fẹ́ kan sórí rẹ̀, mo ní kí n fúnra mi sọ ọ́ di fídíò orí fóònù. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n!

App bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè, mi ò ka èyíkéyìí dáadáa. Mo ṣáà fẹ́ kí fídíò náà kéré, kó lè wọ group ẹbí wa. Níbi tí wọ́n kọ frame rate sí, mo mú nọ́ńbà tó kéré jù, mẹ́wàá.

Nígbà tó parí, ohùn Dádì ń jáde ketekete, ṣùgbọ́n àwòrán ń fò. Ọwọ́ wọn á gbéra, á dúró, á wá fò dé orí mi. Mo ní háà, DVD yìí ti ha! Mo pe Mọ́mì. Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé bá a ṣe máa ń ṣe é ni, kí n fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ṣé ẹ̀yin náà ò ṣe é rí? Nígbà tá a wà ní kékeré, CD wo la ò fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀? Mo fún un sí i, mo fi aṣọ gbo ó yípo yípo, mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn dáadáa. Mo tiẹ̀ ń kọrin.

Bí mo ṣe dá a padà, laptop kùn, ó kùn, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún, mo tún fi sí i. Òfo!

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́sàn tó ní ṣọ́ọ̀bù fídíò ní Ìbafò. Èyí tó wà lórí fóònù ló kọ́kọ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò le rárá. Ó ní àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń kọjá ní sẹ́kọ́ńdì kan lórí DVD, èmi sì ní kí app mú mẹ́wàá péré, ìyẹn ló ṣe ń fò. DVD mi ò ní àléébù kankan.

"Àǹtí, ẹ gbé DVD yẹn wá, ká tún un ṣe kíá."

Mo nà án sí i. Ó gbé e síwájú iná, ó rí ìlà yípo yípo tí ọṣẹ ìfọyín ti fà sí i lára, ẹ̀rín bá kúrò lójú rẹ̀. Ó gbìyànjú títí, pàbó ló já sí. Mo bi í bóyá a lè dá àwọn àwòrán tó kù padà sínú èyí tó wà lórí fóònù. Ó ní èyí tá a ti gé dànù, ibo la ti fẹ́ rí i?

Bùkọ́lá ní kò burú, kí n mú èyí tó ń fò yẹn wá. Láàárọ̀ ìdána, ó kúnlẹ̀ nínú yàrá, mo di fóònù mú níwájú rẹ̀. Dádì jáde, bí àwòrán ṣe ń fò, orí ń gbọ̀n, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ẹ̀yin èèyàn mi, àìsàn tó pa Dádì, gbígbọ̀n ló ń mú wọn gbọ̀n bẹ́ẹ̀, Bùkọ́lá ló sì ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ títí wọ́n fi lọ.

"Sister mi, ẹ pa á! Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn!"

Mo ní kó dijú, kó gbọ́ ohùn nìkan. Ó ní òun ti rí i ná. Ó dìde, a ò tíì dé ibi àmín.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ da DVD àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bí fídíò bá ń fò, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá DVD lẹ́bi.

Ta ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba irú nǹkan báyìí jẹ́ rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kò ní pẹ́ tí mo máa gbàgbé. Bùkọ́lá ti lọ sílé ọkọ, kò sì gba àdúrà Dádì.